Òkúta Tí Màmá Fọ̀

Ẹnu mi kì í ṣe ẹnu tí ń sinmi. Ọkọ mi a máa sọ pé bí wọ́n bá so ohùn mi mọ́ ẹ̀rọ, ó lè fa omi láti ìsàlẹ̀ kànga. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ ẹja ní àárọ̀ ọjọ́ náà, òkúta funfun kan lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì lè pariwo.

Ilé ọmọ ẹja ni yàrá gbọọrọ kan tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ibẹ̀ ni ọkọ mi ti ń tọ́ ọmọ ẹja àrọ̀, láti ìgbà tí wọ́n bá ti jáde nínú ẹyin títí wọn yóò fi gùn tó ìka ọwọ́. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ yìí rí yóò rò pé oúnjẹ ni ogun ibẹ̀. Irọ́ ni. Omi ni. Bí omi bá tutù jù, wọn kò ní jẹun. Bí ó bá gbóná jù, wọn kò ní rí èémí mí. Bí oró bá sì wọ inú rẹ̀, wọn á kú kí èèyàn tó na ọwọ́ sí àwọ̀n.

Odò tó ń ṣàn lẹ́yìn wa ti bàjẹ́ láti ìgbà tí àwọn aláró ti ń da omi aró wọn sí i, kànga wa náà sì máa ń gbẹ bí òjò bá ti dáwọ́ dúró. Omi ẹ̀rọ ló kù. Omi ẹ̀rọ sì ní oògùn nínú, èyí tí wọ́n fi ń pa kòkòrò kí àwa èèyàn lè mu ún láìṣàìsàn. Oògùn yẹn a máa jó ọmọ ẹja níbi tó fi ń mí. Ìdí nìyẹn tí bàbá ọkọ mi, ẹni tó dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀, fi ṣòfin pé omi gbọ́dọ̀ sùn kó tó kan ẹja. A ó pọn ọ́n sínú àgbá tó la ẹnu sílẹ̀, oòrùn á pa á, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, títí òórùn oògùn á fi kúrò lára rẹ̀. Omi tó ti sùn là ń pè é. Ẹni tó bá bu omi tí kò tíì sùn sí ọmọ ẹja nílé yìí, kó yáa lọ wá ibòmíràn jẹun alẹ́.

Ṣùgbọ́n omi tó ti sùn kì í pọ̀, nítorí náà omi kan náà ló ń yípo. Ẹ̀rọ kékeré kan ń fà á láti inú táńkì, ó ń dà á sórí òkúta wẹ́wẹ́ tó kún inú àgbá búlúù kan. Omi á sẹ̀ gba àárín òkúta kọjá, á sì padà sínú táńkì. Àwọn òkúta yẹn kò ṣeé wò. Wọ́n rí rẹ́súrẹ́sú, wọ́n ń yọ̀, ohun kan bí èébì ajá bò wọ́n. Inú èébì yẹn sì ni ẹ̀mí gbogbo ilé wà. Ẹja ń jẹ, ẹja ń tọ̀, ẹja ń yàgbẹ́, inú omi kan náà. Ohun abẹ̀mí tí ojú kò lè rí, tó ń gbé lára òkúta, òun ló ń jẹ oró inú ìtọ̀ yẹn. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọmọ ẹja á máa mu ìtọ̀ ara rẹ̀ títí á fi kú, omi á sì mọ́ gaara lójú ẹni tó ń wò ó. Bàbá ọkọ mi a máa ní òkúta yẹn ni ìyáálé ilé, àlejò ni gbogbo àwa yòókù.

Bàbá ti kú báyìí. Ohun tó fi sílẹ̀ kì í ṣe ilé, kì í ṣe ilẹ̀, bí kò ṣe ìran ẹja kan tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣà, ẹja tí kì í ṣàárẹ̀, tí ń dàgbà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì pín ẹja náà bí ẹni pín ilẹ̀, wọ́n sì jà sí i bí ẹni jà sí ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kó tirẹ̀ lọ sí òdì kejì ìlú, kò sì fẹsẹ̀ kan ilé wa mọ́. Nígbà tó yá, àìsàn wọ inú táńkì rẹ̀, ó gbá gbogbo rẹ̀ lọ. Ìyá ẹja kan ṣoṣo ló kù láyé nínú ìran náà, ọ̀dọ̀ wa ló wà, Ìyá Àgbà là ń pè é. Ó fi ẹyin sílẹ̀ fún wa, kò sì yè é. Àwọn ọmọ tó wà nínú táńkì wa yìí ni ìkẹyìn. Bí wọ́n bá lọ, ohun tí bàbá ọkọ mi ṣe láyé ti parẹ́ nìyẹn.

Bí ẹyin ṣe ń pa tán ni páànù òrùlé ilé ọmọ ẹja ṣí. Ọkọ mi gun òkè lọ kàn án, ó já bọ́, egungun itan rẹ̀ ṣẹ́. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, ọkùnrin yìí kò jẹ́ kí n dá fọwọ́ kan omi rẹ̀ rí. Ní báyìí, èmi nìkan ló kù tó lè ṣe é. Láràárọ̀ ló ń pè mí láti orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Kò ní béèrè bóyá mo sùn, kò ní béèrè bóyá mo jẹun.

“Báwo ni omi?”

“Omi wà. Èmi náà wà, bó bá kàn yín.”

Á rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹsẹ̀ á sì máa ro ó.

Ìyá ọkọ mi ló wá ràn mí lọ́wọ́. Ẹ wo obìnrin tó mọ́! Màmá lè fọ ṣíbí kan títí ṣíbí á fi rántí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti rọ ọ́. Bí ẹ bá jókòó pẹ́ jù lọ́dọ̀ rẹ̀, á fọ ẹ̀yin náà. N kì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí mo mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Màmá bí obìnrin kan sáàárín àwọn ọkùnrin méjèèjì. Ọmọ náà ti ń rìn, ó ti ń pe orúkọ nǹkan. Omi tí kò mọ́ ló mu, ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè fa omi sí i lára, ó ti kú sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Màmá àti ìdọ̀tí ti di ọ̀tá. Òun kan náà ni kì í da omi nù. Omi tó bá fi ṣan aṣọ ló fi ń nu ilẹ̀, èyí tó bá sì kù lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, àwọn tòmáàtì tó gbìn sínú agolo lẹ́yìn ilé ló ń bu ú fún ní ọjọ́ kejì, bí oòrùn bá ti wọ̀.

Ọjọ́ kan, dókítà ránṣẹ́ pè mí nítorí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fẹ́ ṣe fún ọkọ mi. Mo fi ilé sílẹ̀ fún Màmá.

“Mà, ẹ bá mi fún wọn lóúnjẹ díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, omi tí ò tíì sùn ò gbọdọ̀ kàn wọ́n o.”

“Ṣé èmi lò ń kọ́ ní òfin ọkọ mi? Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń gbọ́ ọ.”

Òótọ́ ló sọ. Ohun tí kò sọ ni pé òfin omi sísùn nìkan ló mọ̀, torí àgbá ìfọṣọ rẹ̀ ni bàbá máa ń gbà fún un. Inú ilé ẹja fúnra rẹ̀, Màmá kò wọ ibẹ̀ rí. Òórùn ibẹ̀ ń rí i lára.

Nígbà tí mo padà dé, ilé ọmọ ẹja ń dán. Ilẹ̀ ń dán, ògiri ń dán, ara táńkì ń dán. Omi mọ́ débi pé mo rí irùngbọ̀n àwọn ọmọ ẹja ní ìsàlẹ̀. Inú mi dùn, mo dì mọ́ Màmá.

“Ẹ ṣeun o, Mà. Ẹ kú làálàá.”

“Ìdọ̀tí pọ̀ níbí, ìyàwó mi. Mi ò mọ bí àwọn ọmọ yẹn ṣe ń mí.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá wọn lójú omi.

Ọmọ ẹja àrọ̀ tí ara rẹ̀ bá dá, ìsàlẹ̀ ló ń gbé. Wọ́n á kó ara wọn jọ sí igun tó ṣókùnkùn bí àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Ní àárọ̀ yẹn, wọ́n dúró ní òòró, wọ́n gbé ẹnu sókè, wọ́n ń la á, wọ́n ń pa á dé. Àwọn kan ń pòòyì lójú kan. Mo fọ́n oúnjẹ sí i, oúnjẹ kọjá lára wọn lọ sí ìsàlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò yà sí i.

Mo wo ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi. Ó ń hó dáadáa. Mo ki ọwọ́ bọ omi. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bó ṣe yẹ. Mo wá gbé ìgò kékeré tí ọkọ mi fi ń dán omi wò. A ó bu omi sí i, a ó kán oògùn kan sí i. Bí ó bá pọ́n bí ìyeyè, àlàáfíà ni. Bí ó bá ń lọ sí àwọ̀ ewé, oró ń pọ̀ nìyẹn. Mo kán an. Kò tilẹ̀ ronú lẹ́ẹ̀mejì kó tó di àwọ̀ ewé.

Nígbà náà ni mo ṣí ìdérí àgbá búlúù. Òkúta inú rẹ̀ funfun bí eyín ọmọdé. Mo mú ọ̀kan, mo fi àtàǹpàkò ra á. Kò yọ̀. Kò sí nǹkan kan lára rẹ̀.

Mo fi òkúta náà sọ́wọ́, mo jáde lọ bá Màmá. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi kò ṣeé kọ síbí. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń ṣa ìrẹsì. Bó ṣe rí òkúta lọ́wọ́ mi, ojú rẹ̀ tàn.

“Ẹ̀ẹ́ẹ̀, o ti rí i! Mo ní kí n má sọ fún ẹ, kó o fojú ara ẹ rí i. Àná òde yìí, bẹ̀rẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀, ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Omi tó ti sùn ni mo fi fọ̀ ọ́, gbogbo inú àgbá ni mo lò tán. Mi ò fọṣẹ kàn án o. Ta ní ń fọṣẹ fọ ohun tọ́mọ máa mu? Lẹ́yìn ìyẹn mo wá se omi gbígbóná, mo dà á lé e, mo sá a sóòrùn. Kòkòrò kankan ò lè kù síbẹ̀.”

Ó tún da ojú kọ ìrẹsì rẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni tí kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

“Ká ní mo ti mọ̀ báyìí nígbà yẹn ni, ǹ bá ti máa se omi fún un.”

Mo mọ ẹni tó ń sọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi gbóná ju omi tó dà sórí òkúta lọ, ṣùgbọ́n mo gbé e mì.

“Ó mọ́, Mà,” ni mo wí, mo sì padà sínú ilé ọmọ ẹja.

Mo dá oúnjẹ dúró. Mo fa ìgbẹ́ ìsàlẹ̀ táńkì jáde. Ohun tó kù ni kí n pààrọ̀ omi, ṣùgbọ́n omi wo? Gbogbo omi tó ti sùn ti lọ sórí òkúta. Mo pọn omi ẹ̀rọ kún àwọn àgbá, mo sì ń fi imú gbóòórùn rẹ̀ ní wéréwéré bí aṣiwèrè. Kí ó tó sùn, òkú nìkan ni yóò bá. Mo mú ike, mo bọ́ sí àdúgbò. “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lómi àná? Omi tẹ́ ẹ ò dé lórí?” Àwọn tó lómi ti dé e, òórùn oògùn ṣì wà lára rẹ̀. Télọ̀ fún mi ní ike kan tó gbàgbé sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Onígbàjámọ̀ fún mi ní ìdajì bàsíà. Ó ní ṣé mo fẹ́ wẹ ni. Lọ́jọ́ mìíràn, ì bá jẹ èsì rẹ̀ yó.

Mo rọra dà á sí i. Àwọ̀ ewé inú ìgò ṣá díẹ̀. Nígbà tí mo tún dán an wò, ó ti padà. Ìdí kò tíì yanjú: wọ́n ń tọ̀, kò sì sí ẹni tó ń jẹ ẹ́. Àwọn àkọ́kọ́ yí ikùn sókè. Mo fi àwọ̀n kó wọn, mo kó wọn sínú abọ́, mo yíjú padà, àwọn mìíràn ti rọ́pò wọn. Wọ́n kéré, wọn kò wúwo lọ́wọ́ rárá. Mo jókòó sórí ilẹ̀ dídán tí Màmá fọ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

Fóònù dún.

“Báwo ni omi?”

Ọ̀la ni wọ́n máa gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Mo nu imú mi.

“Omi wà.”

“Ohùn ẹ ńkọ́?”

“Ata ni.”

Lẹ́yìn tó pa fóònù ni mo rí i pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Mo nílò òkúta tó dọ̀tí, òkúta tí ẹja ti lò pẹ́. Ẹnì kan péré ló lè ní in ní gbogbo ìlú yìí, ẹni yẹn sì kò kí wa. Mo wọ bàtà. Mo lọ tọrọ ìdọ̀tí lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi.

Láti ìgbà tí ẹja rẹ̀ ti kú, ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń tún ṣe níwájú ilé. Ó rí mi, ó fi ẹ̀rọ tó ń tú sílẹ̀.

“Ìyàwó. Ṣé kò sí o? Àbúrò mi ńkọ́?”

“Ó wà, Bọ̀dá. Ẹ jọ̀ọ́, ìdọ̀tí ni mo wá tọrọ.”

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú mi, ó dìde. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, àfi ẹni tó fọ òkúta ni mo fò. Kò bi mí. Ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé. Àwọn táńkì rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ti dojú wọn délẹ̀, eruku bò wọ́n. Ṣùgbọ́n àgbá òkúta kan wà lábẹ́ ibòji, ó ṣí ìdérí rẹ̀, mo sì rí òkúta rẹ́súrẹ́sú, òkúta ọlọ́run, ó ń yọ̀, ó ń rùn. Omi wà nínú rẹ̀ dáadáa. Bọ̀dá ń bomi rin òkúta tí kò ní ẹja.

“Ti bàbá ni,” ó ní. “Mi ò lè dà á nù.”

Mo ti na ọwọ́. Ó rọra dé ìdérí padà.

“Ohun tó pa tèmi wà nínú ẹ̀, ìyàwó. Bó o bá gbé e lọ, oró á rọlẹ̀, àìsàn á wá kó gbogbo wọn lọ. Ẹyọ kan ò ní ṣẹ́ kù.”

“Bọ̀dá, wọ́n ń kú bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú ẹ̀.”

“Mi ò ní jẹ́.”

Mo kúnlẹ̀. Mo dìde. Mo bú u. Mo ní ó wù ú kí tiwa náà kú kí ọ̀rọ̀ lè dọ́gba, mo ní bàbá ń gbọ́ ọ lọ́run. Ó dúró síbẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìdérí àgbá mọ́lẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí èébú tán lẹ́nu mi, ó béèrè pé:

“Ta ló fọ̀ ọ́?”

Mo wo ilẹ̀.

“Màmá ni,” ó dá ara rẹ̀ lóhùn. Ó mí kanlẹ̀. “Omi wo ló fi fọ̀ ọ́?”

“Omi tó ti sùn. Ó ní òun ò fọṣẹ kàn án. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló wá da omi gbígbóná lé e.”

“Ẹ̀yìn ìgbà yẹn? Ó dá ẹ lójú?” Ó di apá mi mú. “Omi ìdọ̀tí tó kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́ ńkọ́? Níbo ló dà á sí?”

Mo mi orí pé n kò mọ̀.

“Ìyàwó, ìyá mi ò da omi nù rí láyé ẹ̀!”

Àwa méjèèjì gbójú sókè wo oòrùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti ń wọ̀. Àsìkò tòmáàtì ti tó.

Bí alùpùpù rẹ̀ ṣe gbé wa délé, n kò lè sọ. Mo mọ̀ pé mo fò sílẹ̀ kó tó dúró, mo sì sáré gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìn. Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́ bàsíà ńlá kan, ó ń fi abọ́ bu omi dúdú láti inú rẹ̀. Ó ti bu fún ọ̀pọ̀ agolo. Abọ́ mìíràn ti wà lókè.

“Màmá, ẹ má dà á!”

Ohùn mi padà dé pátápátá. Àwọn ajá àdúgbò dáhùn. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ Màmá, ó yíjú padà, ó rí mi, ó wá rí àkọ́bí rẹ̀ lẹ́yìn mi, ẹni tí kò tẹ ilé yìí láti ìgbà ìjà. Ó di àyà mú.

“Ta ló kú? Ọmọ mi ńkọ́? Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú, Mà. Ọmọ yín wà.”

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti kúnlẹ̀ ti bàsíà, ó ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó kó ẹrẹ̀ jáde, ó gbóòórùn rẹ̀. “Kò tíì kú,” ó ní. “Ó ṣì wà láàyè.” Kò wo ojú ìyá rẹ̀ nígbà tó sọ ìyókù. “Màmá, ohun tẹ́ ẹ fọ̀ kúrò lára òkúta, òun ló ń jẹ oró inú omi. Àwọn ọmọ ẹja ń kú láti àárọ̀.”

“Ìdọ̀tí yìí?”

“Òun ni, Mà.”

Màmá wò mí. N kò mọ ohun tó rí lójú mi. Ó kọjá lára wa, ó wọ ilé ọmọ ẹja, ó dúró ti táńkì. Àwọn ikùn funfun ń léfòó káàkiri. Àwọn tó kù ń la ẹnu, wọ́n ń pa á dé.

“Èmi ni mo pa wọ́n.”

Mo fẹ́ sọ pé kì í ṣe òun. Ẹnu mi tí kì í sinmi, ìgbà yẹn gan-an ló wá sinmi.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbé bàsíà wọlé. Ó ti rọra da omi òkè rẹ̀ sílẹ̀, ó ku ẹrẹ̀ àti omi díẹ̀. Ó bu abọ́ kan, ó fẹ́ dà á sínú táńkì. Màmá na ọwọ́.

“Gbé e fún mi.”

Ó gbà á, ó gbé e sókè orí omi. Ẹrẹ̀ ń kán sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. A dúró. Ó gbìyànjú, ó fà á padà.

“Ọmọ ni wọ́n,” ó ní. “Mi ò lè da ìdọ̀tí sọ́mọ lára. Mi ò lè ṣe é.”

“Màmá, wọ́n ń kú.”

“Mo rí i.”

Mo fẹ́ gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dì mí lọ́wọ́ mú. Màmá pa ojú dé. Ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kì í ṣe fún wa. “Má bínú, ọmọ mi,” ni mo gbọ́. Ó sì dà á.

Omi tó mọ́ gaara ṣókùnkùn lójú wa. Ó bu èkejì, ó dà á. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ ti àgbá búlúù, ó fi ọwọ́ kó ẹrẹ̀ tó kù, ó ń fi pa àwọn òkúta funfun náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń fi ìpara pa ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán. Àwa náà jókòó, a ń pa á. Nígbà tí a tan ẹ̀rọ, omi bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀ gba àárín òkúta, a kò sì lè rí ìsàlẹ̀ táńkì mọ́. A kò mọ ẹni tó wà láàyè níbẹ̀, a kò mọ ẹni tó ti kú.

Wọn kò dáwọ́ ikú dúró lójú ẹsẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo kó òkú títí ọwọ́ mi fi ń rùn. Omi inú àgbá ti wá sùn, à ń bù ú sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kò lọ sílé. Mo ń kán oògùn sínú ìgò, mo ń wò ó, ó ń di àwọ̀ ewé, mo ń dà á nù, mo tún ń kán an. Nígbà tó di ọ̀sán, mo rò pé àwọ̀ náà ti ń ṣá. N kò gbẹ́kẹ̀ lé ojú mi. Mo pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, òun náà kò gbẹ́kẹ̀ lé tirẹ̀. Màmá ló mú ìgò lọ síta, ó gbé e sí oòrùn.

“Ó ń pọ́n,” ó ní.

Àwọn tó yè kò pọ̀. Gbogbo wọn lè wọ inú abọ́ ìmumi kan, ìran ẹja tó kún odindi yàrá lánàá. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé iná sí igun táńkì tó ṣókùnkùn jù, mo sì rí wọn níbẹ̀, wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n forí kan orí, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn.

Fóònù dún. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọkọ mi tán, oorun ṣì wà lóhùn rẹ̀.

“Báwo ni omi?”

N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Màmá na ọwọ́, ó fi ọwọ́ tí ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ gba fóònù lọ́wọ́ mi.

“Omi dọ̀tí, ọmọ mi,” ó ní. “Ó dọ̀tí gan-an. Èmi ni mo jẹ́ kó dọ̀tí.”

 Ọkọ mi kò tíì mọ nǹkan kan nínú ohun tó ṣẹlẹ̀.

“Ẹ ṣeun, Màmá,” ó ní. “Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́ o.”

Màmá bú sẹ́kún. Ó sunkún títí, ẹkún tó ti pẹ́ ju ẹja lọ, àkọ́bí rẹ̀ sì dì í mú. Nígbà tó sunkún tán, mo gbé oúnjẹ wá, mo gbé omi àti ọṣẹ tì í kó lè fọ ọwọ́. Ó wo ọṣẹ náà, ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó fi etí aṣọ nù ún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.